Títọpasẹ̀ Iṣẹ́ Tí A Rán Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, A, B, D ni ẹ ń kọ́. Nísisìyí ẹ ti lè ka lẹ́tà, ẹ sì ti lè kọ orúkọ yín láìtẹ ìka. Ẹ̀kọ́ tòní le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju agbára yín lọ. Ìwé tí kọ̀ǹpútà ń kà ni a fẹ́ kà, kí a sì tẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ owó ló fa ẹ̀kọ́ yìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó. Gbogbo wa ti fẹnu kò pé èlé oṣù kan jẹ́ náírà 1 lórí náírà 20 tí ènìyàn bá yá. Èlé náà wúwo, a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ yá 200,000 náírà fún oṣù 3. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, èlé oṣù kan jẹ́ 10,000. Ti oṣù 3 jẹ́ 30,000. Gbogbo ohun tí yóò san wá jẹ́ 230,000. Ṣùgbọ́n ìwé tí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ tẹ̀ jáde sọ pé 231,525 ni kí ó san.

Ìyá aláṣọ kò gbà. Ó ní, “Ibo ni 1,525 yìí ti wá?”

Ọmọkùnrin tó bá wa kọ ètò náà dá a lóhùn pé, “Mà, kọ̀ǹpútà kì í ṣìṣe o.”

Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kò sì purọ́. Ohun tí a ní kí kọ̀ǹpútà ṣe náà ló ṣe. Àmọ́ ta ni nínú wa ló mọ ohun tí a ní kí ó ṣe? Gbogbo wa dákẹ́. Àwa ìgbìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ ìyá náà pé kí ó san án, kí àlàáfíà lè wà. Ojú ń tì wá láti kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìyá aláṣọ ní, “Ọmọ mi, mú ohun tí o kọ síbẹ̀ wá, kí a jọ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀wé kà báyìí.”

Kí ni ìránṣẹ́ inú ètò?

Ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àṣẹ. Kọ̀ǹpútà ń kà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá wà tí a ó máa ṣe léraléra, a kì í kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá. A ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó fún un lórúkọ, a ó sì máa pe orúkọ náà nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní function. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó máa pè é ní ìránṣẹ́, nítorí pé ìwà ìránṣẹ́ ló ń hù.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń rán ọmọ lọ sọ́jà. Ẹ ó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ó fún un lówó. Ẹ ó wá dúró dè é, nítorí ọbẹ̀ kò ní ṣeé sè kí ata tó dé. Ọmọ á lọ, á ra ata, á gbé e bọ̀. Ẹ ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ẹ ti dúró gan-an. Ẹ kò ní tún padà lọ dá iná. Orúkọ wà níbẹ̀. Ẹrù tí a gbé lé e lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Àbọ̀ tí ó mú wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó tún ku ọ̀kan, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Bí ọmọ yín bá dé ọjà, tí òun náà rán àbúrò rẹ̀ lọ ṣẹ́ owó, ta ni àbúrò yóò kó ṣẹ́ńjì fún? Ẹ̀gbọ́n tó rán an ni. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdí ààrò. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ ni a ń jábọ̀ fún. Ẹ di èyí mú dáadáa.

Ètò náà nìyí

Èdè kọ̀ǹpútà tí ọmọkùnrin náà lò ń jẹ́ Python. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ló ṣe é, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1991. Àwọn nọ́ńbà tó wà lápá òsì kì í ṣe ara ètò. Àwa la kọ wọ́n síbẹ̀ kí a lè máa fi dárúkọ ìlà. A kò sì fi àmì ohùn sí orúkọ tó wà nínú ètò, kí ó lè rọrùn láti tẹ̀.

1   def ele(owo):
2       return owo // 20
3   def gbese(owo, osu):
4       if osu == 0:
5           return owo
6       a = gbese(owo, osu - 1)
7       return a + ele(a)
8   print(gbese(200000, 3))

Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ìlà 8 péré ni. Ọ̀rọ̀ náà def túmọ̀ sí “ìránṣẹ́ kan nìyí, orúkọ rẹ̀ nìyí.” Ìlà tó sún wọlé lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí yóò ṣe. Return túmọ̀ sí “jábọ̀ fún ẹni tó rán ọ.” If ni “bí.” Print ni “tẹ̀ ẹ́ síta kí a rí i.” Àmì // ní kí a pín in, kí a sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Bí àmì = bá dá wà, ó ní kí a fi nǹkan sínú nǹkan; bí ó bá di méjì, ó ń béèrè pé, ṣé wọ́n dọ́gba?

Ẹ tún wò ó pé a kò fi àmì sí àárín 200000. Bí ẹ bá kọ 200,000 síbẹ̀ bí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, Python yóò rò pé nǹkan méjì ni ẹ gbé fún ìránṣẹ́: 200 lọ́tọ̀, òdo lọ́tọ̀.

Ìránṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ele kò ju kí ó gba owó kan, kí ó sì sọ èlé oṣù kan lórí rẹ̀. Gbese ló ń sọ iye tí ènìyàn jẹ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ wo ìlà 6 dáadáa: gbese tún ń rán gbese! Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Ìyá aláṣọ ní, “Báwo ni ènìyàn ṣe ń rán ara rẹ̀ níṣẹ́?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń rán. Ìránṣẹ́ mìíràn ló ń rán, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọ́n sì jọ kọ́ iṣẹ́ kan náà. Èyí tó fẹ́ mọ gbèsè oṣù 3 ń rán òmíràn pé kí ó lọ wá gbèsè oṣù 2 wá ná.

A gé páálí

A gé páálí sí wẹ́wẹ́, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Òfin wa nìyí: bí a bá ti rán ìránṣẹ́ kan, a ó mú páálí tuntun, a ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sí i. Bí ó bá ń dúró de ẹlòmíràn, a ó kọ nọ́ńbà ìlà tí ó dúró sí. Bí ó bá ti jábọ̀, a ó fa páálí rẹ̀ ya. Èèyàn kan ló sì di páálí kọ̀ọ̀kan mú. Akọ̀wé, akápò, káfíńtà kan àti ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni gbese mẹ́rin. Ìyá aláṣọ ní òun ni yóò ṣe ele.

Ìlà 1 àti ìlà 3 kò ṣe iṣẹ́ kankan. Kọ̀ǹpútà kàn gbọ́ orúkọ àwọn ìránṣẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò níbẹ̀. A fo lọ sí ìlà 8.

Ìlà 8 rán gbese, ó gbé 200000 àti 3 lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé gba páálí kìíní: owo jẹ́ 200000, osu jẹ́ 3. Ìlà 4 bi í pé, ṣé osu jẹ́ 0? Rárá. Ó lọ sí ìlà 6. Níbẹ̀ ó nílò gbèsè oṣù 2, kò sì mọ̀ ọ́n. Ó rán akápò. A kọ sí páálí akọ̀wé pé: mo dúró ní ìlà 6, a kò tíì ní nǹkan nínú.

Akápò gba páálí kejì: owo 200000, osu 2. Ṣé ó jẹ́ 0? Rárá. Òun náà dúró ní ìlà 6, ó rán káfíńtà. Káfíńtà gba páálí kẹta: owo 200000, osu 1. Rárá náà ni. Ó dúró, ó rán ọmọkùnrin náà.

Ọmọkùnrin gba páálí kẹrin: owo 200000, osu 0. Ṣé osu jẹ́ 0? Bẹ́ẹ̀ ni! Ìlà 5 ní kí ó jábọ̀ owo. Ó ní, “200,000 ni mà,” ó sì kọjú sí akọ̀wé.

A pariwo lé e lórí. Kì í ṣe akọ̀wé ló rán an. Káfíńtà ni. Òun tó kọ ètò náà, òun náà ló kọ́kọ́ ṣi ọ̀nà.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí ní àkókò yìí. Páálí mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí gbogbo wọn dúró ní ìlà 6, bí abọ́ tí a tò léra. Èyí tó dé kẹ́yìn ló wà lókè, òun náà la ó kọ́kọ́ gbé kúrò. A fa páálí kẹrin ya. Káfíńtà jí, ó fi 200000 sínú a tirẹ̀. Ó lọ sí ìlà 7: a + ele(a). Ó rán ele, ó gbé 200000 fún un. Ìyá aláṣọ pín in sí ọ̀nà 20, ó jábọ̀ 10,000. Káfíńtà ro wọ́n pọ̀, ó jábọ̀ 210,000 fún akápò. A fa páálí rẹ̀ ya.

Akápò fi 210000 sínú a. Ó dé ìlà 7, òun náà rán ele. Ó na páálí sí ìyá aláṣọ: owo, 210000.

Ìyá aláṣọ wo páálí náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, “Ta ló yá 210,000?”

Kò sí ẹni tó fọhùn.

“Èmi 200,000 ni mo yá. 10,000 tó wà lórí rẹ̀ yìí, èlé oṣù àkọ́kọ́ ni. Ẹ wá ń gba èlé lórí èlé.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ bí a ti kọ ọ́, ó jábọ̀ 10,500. Akápò jábọ̀ 220,500 fún akọ̀wé. Akọ̀wé rán ele pẹ̀lú 220500, ele jábọ̀ 11,025. Akọ̀wé jábọ̀ 231,525 fún ìlà 8, ìlà 8 sì tẹ̀ ẹ́ síta. Náírà kan kò yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà. Ìdí 1,525 ti hàn: 500 wọlé lẹ́ẹ̀kejì, 1,025 wọlé lẹ́ẹ̀kẹta.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ìlà 7 yẹ kí ó kà báyìí:

7       return a + ele(owo)

A tún gé páálí mìíràn, a tún tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí 200000 ni ele ń rí ní gbogbo ìgbà, 10,000 ló sì ń jábọ̀. Gbese mú 200,000 wá, ó di 210,000, ó di 220,000, ó di 230,000.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Nínú ètò àkọ́kọ́, owo tó wà lọ́wọ́ akápò jẹ́ 200000. Ní àkókò kan náà, owo tó wà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ jẹ́ 210000. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n páálí wọn yàtọ̀. Bí Táíwò méjì bá wà ládùúgbò, a kò ní gba gbèsè ọ̀kan lọ́wọ́ èkejì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń tọpasẹ̀, ẹ máa bi ara yín pé: owo ti inú páálí wo? Ẹni tí kò bá ya páálí sọ́tọ̀, tó ń fi orí nìkan ṣe é, yóò kó wọn pọ̀. Àwa náà ti dán an wò, ó kó wa lójú.

Bí ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀

Ọgbọ́n rírán ìránṣẹ́ nínú ètò ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1949, ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní EDSAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tóbi tó láti gba yàrá kan. Maurice Wilkes ni olórí iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Wheeler ló ronú bí ètò yóò ṣe fi ibi tó wà sílẹ̀, tí yóò lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, tí yóò sì mọ ibi tí yóò padà sí. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò kọ ibi ìpadàbọ̀ sínú ara rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1951, òun, Wilkes àti Stanley Gill kọ ìwé lé e lórí.

Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n ààyè ibi ìpadàbọ̀ kan ṣoṣo ni ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Bí gbese bá rán gbese, èyí tuntun yóò pa èyí àtijọ́ rẹ́, ìránṣẹ́ kò sì ní mọ̀nà ilé mọ́. Ohun tó tán ìṣòro yẹn ni kí a máa to páálí léra bí a ti ṣe. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Jámánì méjì, Klaus Samelson àti Friedrich Bauer, ti gba ọ̀nà irú ìtòléra bẹ́ẹ̀ lọ béèrè ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọgbọ́n ní ọdún 1957.

Wilkes náà sọ lẹ́yìn náà pé ní ọdún 1949 yẹn, bí òun ti ń gun àtẹ̀gùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé òun ni òun yóò fi máa wá àṣìṣe nínú ètò tí òun fúnra òun kọ. Nítorí náà ọmọkùnrin wa kò jẹ̀bi jù. A kò bá a wí púpọ̀.

Àtẹ̀yìnwá rẹ̀

A kò fi mọ sórí ìyá aláṣọ. A wo gbogbo ẹni tí ètò náà ti ṣírò fún. Ọ̀kan nínú wọn yá 200,000 fún oṣù 12. Ìlànà wa ní kí ó san 320,000. Ètò ti gba 359,166 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti san án tán láìjiyàn. Kò mọ̀wé. Ẹgbẹ́ dá 39,166 padà fún un níwájú gbogbo ènìyàn, akápò sì bẹ̀ ẹ́. Ó ti bá wa wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí nílé, ẹ fi nọ́ńbà kékeré ṣe é. Oṣù 3 tó. Ẹni tó bá mú oṣù 12 yóò gé páálí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí ẹ sì rí i dájú pé ìlà tó ń dá iṣẹ́ dúró wà níbẹ̀, bí ìlà 4 àti ìlà 5 tiwa. Bí kò bá sí i, gbese á máa rán gbese lọ: oṣù 0, oṣù dín 1, oṣù dín 2, kò ní dẹ́kun. Nígbà tí wọ́n bá tò léra tó nǹkan bí 1,000, Python á dá wọn dúró fúnra rẹ̀, á sì kọ ọ́ síta pé iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ lo ètò tí a ti tún ṣe, tí ìlà 7 rẹ̀ ní ele(owo). Ẹ yí ìlà 5 padà kí ó di return 0. Ẹ yí ìlà 8 náà kí osu jẹ́ 2. Ẹ gé páálí yín, kí ẹ sì tẹ̀ lé e.

Páálí gbese mélòó ni ẹ lò? Páálí ele mélòó? Èwo ni ẹ kọ́kọ́ fà ya? Bí ẹ bá rí 20000 ní ìparí, ẹ ti ṣe é dáadáa. Ẹ wá sọ fún ẹni tí ẹ jọ jókòó: 20,000 yẹn, owó kí ni?